Ọlọ́run Kì Í Ṣe Bíríkìlà

Nínú ìwé pẹlẹbẹ tí ẹbí pín níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ ìyá àgbà wa, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé oníwà tútù ni, pé kò bá ẹnikẹ́ni jà rí, pé àdúrà nìkan ló ń ti ẹnu rẹ̀ jáde. Mo kà á tán, mo fi ìwé náà fẹ́ ara mi, nítorí ooru mú lọ́jọ́ náà. Yálà ẹni tó kọ ọ́ kò mọ Ráfátù Àbẹ̀kẹ́ rárá, tàbí ó mọ̀ ọ́n, ó sì ṣì ń bẹ̀rù rẹ̀ nínú sàréè tó wà. Ìyá àgbà wa bá èèyàn jà. Ó bá ọkọ jà, ó bá ọmọ jà, ó bá àlùfáà jà, ó sì bá èmi náà jà títí irun orí mi fi funfun. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kó tó lọ. Àwọn tó bá a jà tí wọ́n sì ti kú ṣáájú rẹ̀ pọ̀ ju àwa tó ṣẹ́kù tí a lè jẹ́rìí lọ.

Èmi ni àgbà nínú àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, n kò sì ní ẹni tí mo tún ń wá ojúrere rẹ̀ nílùú Ọ̀fà. N kò ní kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀. Ọdún tí wọ́n bí i, ọkọ tó fẹ́, ọdún tó lọ sí Mẹ́kà, gbogbo ìyẹn wà nínú ìwé pẹlẹbẹ. Ohun tí mo fẹ́ kọ ni oore tó ṣe mí tí mo fi di èèyàn, àti ohun tó ṣe lẹ́yìn tí ilé gíga Jímọ̀ jóná, tí àwọn kan nínú ẹbí wa kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún mẹ́nu bà mọ́.

Ẹni tó ń ka èyí lè máa bínú pé mo ń pe àgbà ní "ó". Òun fúnra rẹ̀ ló pa á láṣẹ. Bí a bá ń kí i lójú rẹ̀, a ó ní "ẹ káàárọ̀, Ìyá", yóò sì dáhùn. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbọ́ tí ọmọ kan ń sọ lẹ́yìn rẹ̀ pé "wọ́n ti jẹun, wọ́n ti sùn", yóò béèrè àwọn wo ni ọmọ náà ń sọ. A ní ọ̀wọ̀ ni. Ó ní òun kò fẹ́ ọ̀wọ̀ tó ń sọ òun di ọ̀pọ̀. "Ẹyọ kan ni mí. Ohun tí mo bá ṣe, èmi ni mo ṣe é."

Bó ṣe tọ́ gbogbo wa nìyẹn. Bí àwo bá fọ́ nílé, kò sí ọmọ tó gbọ́dọ̀ wá sọ pé, "Ìyá, àwo fọ́." Yóò bi ọ́ bóyá àwo ní ẹsẹ̀ tó fi rìn dé etí tábìlì. Ìwọ náà yóò dúró níwájú rẹ̀, tí wàá máa fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ wa ilẹ̀, títí wàá fi sọ pé, "Mo fọ́ àwo." Bí o bá ti sọ ọ́, ó parí. Kò ní nà ọ́. Yóò ní kí o lọ gbá a, kí o ṣọ́ra kó má gé ọ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí o bá fi "ó fọ́" bo ara rẹ, ọjọ́ náà ti bàjẹ́ nìyẹn. Omi kì í dà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹnì kan ló da omi. Ìrẹsì kì í jóná. Ẹnì kan ló fi iná sílẹ̀ lọ ṣeré.

Èyí tó tún kórìíra jù ni "wọ́n" tí kò ní orúkọ. Àwa Yorùbá fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Wọ́n ti gbé e lọ. Wọ́n ti bà á jẹ́. Wọ́n ní kí á máa bọ̀ lọ́la. Ọ̀rọ̀ kékeré ni, ó sì lè bo odidi èèyàn mọ́lẹ̀. Nígbà tí Jímọ̀ wà ní kékeré, ó wá sọ lọ́jọ́ kan pé wọ́n ti jẹ ẹran tó wà nínú ìkòkò. Òróró ṣì ń dán ní ẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ìyá kò bínú. Ó pe gbogbo wa jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó da ìborùn bora, ó jókòó bí ẹni tó ń retí àlejò pàtàkì. Ó ní, "Ẹ bá mi pe Wọ́n wá. Mo fẹ́ kí i. Ta ló ń jẹ́ Wọ́n nínú ilé yìí?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín títí Jímọ̀ fi bú sẹ́kún. Kí n tó lọ síwájú, ó yẹ kí n sọ ẹni tí Jímọ̀ jẹ́. Bàbá mi ni àkọ́bí Ìyá, bàbá Jímọ̀ sì ni àbúrò bàbá mi. Ìyá tó bí Jímọ̀ kú nígbà tí ọmọ náà ń fà lórí ilẹ̀, ni Ìyá àgbà bá gbé e sẹ́yìn. Ó pọ̀n ọ́n títí ẹsẹ̀ ọmọ náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Òun ló ń yọ egungun ẹja fún un. Bí ibà bá mú un, Ìyá ni kì í sùn. Nígbà tí Jímọ̀ wá di Alhaji Jímọ̀, ó mọ inú rò, n kò lè purọ́ mọ́ ọn. Òun ló gbé Ìyá lọ sí Mẹ́kà. Òun ló fi táìsì tẹ́ ilẹ̀ yàrá rẹ̀. Ní gbogbo ọdún Iléyá, kí ẹnikẹ́ni tó fi ẹran kan ẹnu, itan àgbò àkọ́kọ́ ti dé ọ̀dọ̀ Ìyá.

Ìyá fẹ́ràn Jímọ̀ jù mí lọ. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ ọ́n, mo sì sọ ọ́ lójú rẹ̀ nígbà kan. Kò jiyàn. Ó ń gé ilá lọ, ó ní, "Ìwọ ní ẹnu. Jímọ̀ kò ní nǹkan kan, àfi èmi."

Ẹnu yẹn náà, òun ló fún mi. Bàbá mi kú nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, bàbá Jímọ̀ sì di olórí wa. Mo ti ń dúró fún ọjọ́ tí n ó kọ èyí sílẹ̀: ọkùnrin náà mú mi kúrò ní ilé-ìwé. Ó ní kíkọ́ ọmọbìnrin ní ìwé dà bí kí èèyàn máa pọn omi sínú apẹ̀rẹ̀. Ó fà mí lé obìnrin kan lọ́wọ́ ní Òjókú, pé kí n máa bá a ṣa àgbàdo, kí n máa bá a gbé ọmọ. Ìyá kò sí nílé nígbà náà. Ó ti kó ọ̀dùnkún wọ ọkọ̀ ojú irin lọ tà. Nígbà tó dé tó gbọ́, kò wọ inú ilé. Ó gbé ẹrù rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, ó yí padà, ó gba Òjókú lọ, ó sì mú mi bọ̀ pẹ̀lú ọwọ́ mi tí ó kún fún àpá ewé àgbàdo. Láti ọjọ́ kejì, ní àràárọ̀, ó ń tẹ̀ lé mi lọ sí ilé-ìwé, ó ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ olórí ilé-ìwé, ó ń ṣa ẹ̀wà. Olórí ilé-ìwé bẹ̀ ẹ́ títí pé kó máa lọ ilé, pé kò sẹ́ni tó máa mú mi mọ́. Ó ní òun kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Nígbà tí ìtìjú mú bàbá Jímọ̀ tó wá bá a níbẹ̀ láti bẹ̀ ẹ́, ó dojú kọ èmi, kì í ṣe ọkùnrin náà. "Ẹni tó bá ní kí o má kàwé, ní kó wá ka tirẹ̀ fún mi kí n gbọ́."

Mo kàwé. Mo ka gbogbo èyí tí wọ́n gbé síwájú mi, mo sì fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Gbogbo ìwé tí mo bá ṣí títí di òní, mo ń rí ọwọ́ rẹ̀ tó ń ṣa ẹ̀wà. Bí mo bá dúpẹ́ títí di alẹ́, kò tó.

Mọ́gàjí, olórí ilé wa, wà níbí tó ń mí, yóò sì ka èyí. Kó tó di Mọ́gàjí, nígbà tí mo kúrò lọ́dọ̀ ọkọ mi, òun ló dìde nínú ìpàdé ẹbí tó ní ìwé ló lé mi kúrò nílé ọkọ. Àwọn èèyàn kùn, àwọn obìnrin mìíràn sì mi orí. Mo wo ilẹ̀. Ìyá kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù. Ó ní, "Ìwọ tí ìwé kò lé, ibo lo dé?"

Ilé gíga náà wà lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìjàgbò, lórí ilẹ̀ ẹbí wa. Alájà mẹ́rin ni. Jímọ̀ kọ́ ọ, ó sì ń gba owó ilé lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn tọkọtaya tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ayé. Nígbà tí ilé náà parí, àtẹ̀gùn méjì ló ní, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Nígbà tó yá, Jímọ̀ rí i pé ibi tí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn gbà tó yàrá kan lájà kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí bíríkìlà fi búlọ́ọ̀kù dí ẹnu rẹ̀ lókè nílẹ̀, ó sì sọ inú rẹ̀ di yàrá. Irin wà lójú gbogbo fèrèsé nítorí olè. Jẹnẹrétọ̀ sì wà lábẹ́ àtẹ̀gùn iwájú, pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì bẹntiróò rẹ̀.

Nígbà ọyẹ́ ni iná náà ṣẹ́ yọ, ní ìdájí, nídìí jẹnẹrétọ̀ yẹn. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ sá jáde. Àwọn tó wà lókè bá èéfín pàdé níwájú, wọ́n sì sáré lọ sí ẹ̀yìn. Àwọn kan lára wọn ti pẹ́ nínú ilé náà, wọ́n mọ̀ pé ògiri ló wà níbẹ̀. Bóyá ẹ̀rù mú wọn gbàgbé. N kò ní sọ púpọ̀. Mo lọ síbẹ̀ lẹ́yìn tí iná kú, mo sì rí àtẹ́lẹwọ́ lára ògiri náà, dúdú, ọ̀kan lórí ọ̀kan, ti àgbà àti ti ọmọdé.

Ìlú gbóná. Àwọn ọ̀dọ́ kọrin ìbínú yí ilé Jímọ̀ ká. Àwọn ìyá tí ọmọ wọn kú wọ aṣọ dúdú, wọ́n lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà káńsù, wọ́n ní àwọn kò ní dìde títí ẹnì kan yóò fi jáde wá sọ ẹni tó fọwọ́ sí irú ilé bẹ́ẹ̀. Olúkúlùkù ń ti ẹ̀bi sí ẹlòmíràn. Àwọn oníná mànàmáná ìjọba ní kì í ṣe iná àwọn. Káńsù ní àwòrán ilé tí àwọn rí ní àtẹ̀gùn méjì. Alábòójútó ilé ní òun kò mọ̀. Jímọ̀ sá wọlé ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Èmi àti Ìyá jọ gbọ́ ọ ni. Ó ní ó dun òun, ó ní àmúwá Ọlọ́run ni, ó ní wọ́n ti dí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn kí òun tó mọ̀.

Ìyá na ọwọ́, ó pa rédíò náà. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ó tún ti pe Wọ́n wá."

Nílé wa, àdúrà ìparí ìjà kì í múlẹ̀ bí ẹni tó dàgbà jù kò bá kọ́kọ́ ṣe àmín. Òun ni yóò ṣe é, gbogbo ilé yóò sì gbè é. Bí ìyẹn bá ti wáyé, ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹni tó bá tún gbé e lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, àbùkù ni. Mọ́gàjí mọ èyí dáadáa. Ó ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí àwọn tó kú pé kí wọ́n wá gba ìtùnú lọ́dọ̀ ìyá tó dàgbà jù nílé wa, ó sì pe àlùfáà. Wọ́n wá. Ta ni yóò kọ ìpè arúgbó? Wọ́n kún yàrá Ìyá dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lára wọn ni Ìyá Rónkẹ́, aránṣọ kan láti Ìjàgbò. Rónkẹ́ nìkan ló bí. Ọmọ náà ń kàwé níbí, yàrá rẹ̀ sì wà lájà tó ga jù. Onígbàgbọ́ ni obìnrin náà. Ó wá síbẹ̀ pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn, bí ẹni tí kò mọ̀ pé òun gbàgbé láti bọ́ ọ.

Àlùfáà ka tirẹ̀, ó sì gbàdúrà pé, "Ohun tó ṣẹlẹ̀ yìí, àmúwá Ọlọ́run ni. Kí Ọlọ́run má fi irú rẹ̀ hàn wá mọ́." Ó dákẹ́, ó dúró de àmín. Gbogbo wa wo Ìyá. Ó ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ. Àlùfáà tún àdúrà náà gbà, ó gbé ohùn sókè. Ìyá kò wí nǹkan kan. Mọ́gàjí rò pé kò gbọ́, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn létí, ó ní, "Ìyá, ẹ ṣe àmín."

"Mo gbọ́," ni Ìyá wí. "Etí mi kò di. Àtẹ̀gùn ni Jímọ̀ dí."

Mọ́gàjí gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. Ó ní ohun tí Ọlọ́run bá ti kọ, èèyàn kò lè pa á rẹ́, pé Ìyá gan-an ló kọ́ àwọn bẹ́ẹ̀.

Ìyá ní, "Iná lè jẹ́ àmúwá Ọlọ́run, n kò mọ̀. Ògiri ńkọ́? Ọlọ́run kì í ṣe bíríkìlà."

Ìyá Rónkẹ́ fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo rò pé ẹ̀rín ni, kó tó di pé mo gbọ́ ẹkún. Láti ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ ti kú, gbogbo ẹni tó ń kí i ló ń kí i kú àmúwá Ọlọ́run, òun náà sì ń dáhùn pé Ọlọ́run ò ní í ṣe é mọ́. Kò sí ìkankan nínú wọn tó tíì sọ fún un pé ọwọ́ èèyàn wà níbẹ̀. Mọ́gàjí wo gbogbo ojú tó wà ní yàrá, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọmọ yín mà ni, Ìyá."

"Mo mọ̀. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ nìyẹn."

Inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Mo dìde, mo ní kí n fi tèmi kún un. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí bàbá Jímọ̀, mo ní kò yà mí lẹ́nu, ẹni tó lè mú ọmọ òrukàn kúrò ní ilé-ìwé, kí ni ọmọ rẹ̀ kò ní lè ṣe. Mo ti ń wá ọ̀nà sí orí Mọ́gàjí nígbà tí Ìyá gbé ọwọ́ sókè. Níwájú gbogbo àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ wọ̀nyẹn ló ti sọ fún mi pé, "Jókòó. Má fi òkú ọmọ ọlọ́mọ ja ìjà tìrẹ."

Mo jókòó. Ó dùn mí lọ́jọ́ náà, ó ṣì ń dùn mí. Ìjà mi kò tíì parí, bí ẹni tó ń kà á ti lè rí i. Ṣùgbọ́n mo ń jà á níbí, lórí ìwé ara mi.

Kò pẹ́ tí àwọn ẹbí fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìyà jẹ Ìyá. Àwọn tó ń wá kí i ní àràárọ̀ kò wá mọ́. Wọ́n ní ogbó ti dà á lórí rú, wọ́n ní èmi ni mo kọ́ ọ ní ohun tó sọ, bí ẹni pé ẹnikẹ́ni ti kọ́ Ráfátù Àbẹ̀kẹ́ ní ohun kan rí. Nígbà tí Iléyá dé, a gbọ́ òórùn ẹran ní gbogbo àgbàlá. Itan àgbò kò dé ọ̀dọ̀ wa. Mo bínú títí ojú mi fi pọ́n. Ìyá ní kí n se ẹ̀wà. Ó ní, "Eyín wo ni mo ní tí n ó fi jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀?" Ṣùgbọ́n mo rí i tó ń wo ẹnu ọ̀nà. Kì í ṣe ẹran ló ń wò.

Jímọ̀ kò yọjú fún ìgbà pípẹ́. Ìjọba ti gbé ìgbìmọ̀ olùwádìí kalẹ̀, ìyẹn ti bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó ní gbọ̀ngàn ìlú, lọ́yà rẹ̀ sì ti ní kó má sọ ohunkóhun ju pé kò mọ̀ lọ. Bíríkìlà tó mọ ògiri náà ti sá kúrò nílùú, kò sì sí ẹlòmíràn tó gbọ́ nígbà tí Jímọ̀ pàṣẹ. Bí kò bá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, ọ̀rọ̀ náà yóò kú bẹ́ẹ̀. Àwọn ìyá yẹn yóò di arúgbó nílé wọn láìgbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó dí ọ̀nà mọ́ ọmọ wọn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo ń gé èékánná Ìyá, Jímọ̀ gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé. Kò dé fìlà. Ọkùnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún dojúbolẹ̀ gbalaja lórí táìsì tí òun fúnra rẹ̀ tẹ́. Ó ní, "Ìyá, wọ́n..." Ó dákẹ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀. "Èmi ni. Èmi ni mo ní kí bíríkìlà mọ ọ́n dí. Ó sọ fún mi pé kò dára. Mo ní kó mọ ọ́n."

Ìyá gba ọwọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó gbé e lé orí Jímọ̀. Ó ń pa á lórí bí ẹni tó fẹ́ kí ọmọ sùn. Ó ní, "O ṣeun. Lọ sọ ọ́ níbi tí àwọn ìyá wọn ti lè gbọ́."

"Wọn ó tì mí mọ́lé, Ìyá."

"Mo mọ̀, ọkọ mi."

Ìyá sunkún nígbà náà. Ó sin ọkọ, ó sin bàbá mi, ó sin bàbá Jímọ̀, n kò rí omijé rẹ̀ rí. Kò gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Jímọ̀ dúró lórí ilẹ̀ níbẹ̀ títí ojú ọ̀run fi pọ́n, èmi náà kò sì rí ọ̀rọ̀ burúkú kan sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo wá a.

Jímọ̀ lọ. Mo wà ní gbọ̀ngàn lọ́jọ́ tó sọ̀rọ̀. Lọ́yà rẹ̀ fà á láṣọ, ó yọ ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Èmi ni mo ní kí bíríkìlà dí i. Kò sí ẹlòmíràn." Ìyá Rónkẹ́ dìde láti àárín àwọn obìnrin. Alága ìgbìmọ̀ ní kó jókòó, kò gbọ́. Ó tẹjú mọ́ Jímọ̀, ó ní, "Tún un sọ." Jímọ̀ tún un sọ. Obìnrin náà mi orí, ó ká aṣọ rẹ̀ mọ́ra, ó jáde, ó sì gun ọ̀kadà padà sí Ìjàgbò. Mo ròyìn rẹ̀ fún Ìyá bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó ní kí n sọ èyí tí obìnrin náà wí lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì ní, "Ó ti gbọ́ orúkọ."

Orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n tíì gbọ́. Nínú èsì ìwádìí tí ìjọba gbé jáde, ẹni tó fọwọ́ sí ilé náà pé ó dára láìfi ẹsẹ̀ kàn án kò ní orúkọ. "Wọ́n fọwọ́ sí i" ni ó wà níbẹ̀. Mo gbọ́ pé ó wà ní ọ́fíìsì mìíràn báyìí, tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Títí n ó fi kú ni n ó máa béèrè pé ta ló ń jẹ́ Wọ́n. Ẹni tó tọ́ mi ló fi kọ́ mi, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n gbé Jímọ̀ lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n ní Ìlọrin láti máa dúró de ẹjọ́. Ní ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́, Ìyá jókòó sídìí iná láti àárọ̀, ó ń darí bí wọ́n ṣe ń din dùndún, ó ń ṣàròyé pé ata kò kúnná. Ó bu oúnjẹ sínú kúlà, ó ní kí n gbé e lọ fún àbúrò mi. Mo ní n kò ní gbé oúnjẹ fún apànìyàn. Mo rán an létí pé òun gan-an ló ní kó lọ sọ ọ́. Àbí kí ni ó fẹ́?

Kò pariwo. Ó ní kí n wá jókòó. Ó ní ọmọ Ọ̀fà ni mí, ìjàkadì lorò wa, ó sì yẹ kí n mọ̀ pé ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti kan ilẹ̀, a kì í tún lù ú. Mo ní àwọn tó kú ńkọ́, ẹ̀yìn tiwọn náà kan ilẹ̀. Ó gbà pé òótọ́ ni mo sọ. Ó tún kúlà náà dé dáadáa. Ó ní, "Ẹjọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ adájọ́. Ebi rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa."

N kò lọ. Ó wá ọlọ́kọ̀ kan tó ń gbé e lọ, kò sì tún sọ ọ́ sí mi mọ́. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ títí ara rẹ̀ kò fi gbé e mọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tó ṣe àlùwàlá tán, ó ní kí n ran òun lọ́wọ́ kí òun fi ẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀, ó sì lọ bẹ́ẹ̀. Wọn kò jẹ́ kí Jímọ̀ wá sin ín. Ìyá Rónkẹ́ wá. Kò bá ẹnikẹ́ni nínú ẹbí sọ̀rọ̀. Ó jókòó ti àwọn obìnrin, ó wo ojú mi, ó ní, "Ẹ kú àìsí wọn o, Mummy." Mo dáhùn.

Ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé àdúrà ọjọ́ kẹjọ, mo jí, mo bẹ iṣu, mo din ín. Mo lọ ata náà dáadáa. Mo wọ ọkọ̀ Ìlọrin pẹ̀lú kúlà lórí itan, mo ń bínú láti Ọ̀fà títí dé ẹnu géètì. Jímọ̀ ti rù. Ó wo kúlà náà, ó mọ̀ ọ́n. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ti dárí jì mí ni?"

Mo ní n kò bá ìyẹn wá. Mo ṣí oúnjẹ náà, mo tì í síwájú rẹ̀, mo ní kó jẹ ẹ́ kó tó tutù. Mo sì jókòó tì í títí ó fi jẹun tán.